Eku Tí Ọkọ Mi Ń Fi Kéèkì Bọ́

Òkè Ilé Búrẹ́dì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun, ṣé wọ́n sì ń gbọ́ràn? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Mo mọ̀ pé o ò ní sinmi. Láti ìgbà tí a ti jọ ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ lábẹ́ ọ̀gá kan náà lo ti máa ń tẹ ẹ̀rọ bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, fi omi gbígbóná jó orúnkún náà, kí o sì jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́? Ìwọ lo fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, èmi náà ni mo sì mú ọ wá sílé wọn, nítorí náà mo ní ìpín tèmi lára rẹ̀. Bá mi kí i, kí o rí i pé ó dáhùn.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi láìpẹ́ yìí. Ìdí káńtà ni mo ti kà á, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà kan bi mí bóyá orí mi pé. O ní àwọn kan ti ọ̀dọ̀ wa bọ̀, wọ́n sọ fún ọ pé oníbúrẹ́dì ti ń sin eku nílé, pé ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, pé ó ń fi kéèkì bọ́ wọn, o wá bẹ̀ mí pé kí n sọ pé irọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe irọ́ o. Ẹni tó sọ fún ọ tiẹ̀ bu díẹ̀ kù níbẹ̀. Ohun tí n kò fi tètè kọ̀wé sọ fún ọ ni pé ọ̀rọ̀ eku yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọkọ mi, mo sì fẹ́ rí ibi tó máa já sí kí n tó mú gègé.

Má wò mí bí mo ṣe ń pe ọkọ mi ní “ó” o. Ọ̀rẹ́ ni wá ká tó di tọkọtaya, a ti jọ ru àpò ìyẹ̀fun, ẹnu mi ò sì tíì kọ́ “wọ́n” títí di òní.

Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ṣọ́ ọ kí àwọn eku náà tó dé. Omi tó ń mu ti pọ̀ jù. Á gbé jọ́ọ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, á mu ún gbẹ, á ní ooru ààrò ni. Kò ní pẹ́, á sáré lọ tọ̀, á ní omi tí òun mu náà ni. Ó ń rù, ó ní àgbà ló ń dé. Páànù gbígbóná jó o lọ́wọ́, egbò náà kọ̀ kò jinná, ó ní nítorí pé omi ń kàn án ni. Gbogbo nǹkan ló ní èsì sí, àfi ìbéèrè tèmi: ìgbà wo là ń lọ rí dókítà?

Ìwọ náà mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bàbá àwọn ọkọ wa ṣì lágbára nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ yẹ ẹsẹ̀ wọn wò ní ọsibítù. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ yẹn fún wọn ni wọ́n dùbúlẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́ títí tí wọ́n fi lọ. Dókítà sọ ọ́ fún gbogbo wa nígbà náà pé ó ti pẹ́ lára wọn, pé wọn ò tètè wá ni. Etí ọkọ mi kò gba ìyẹn. Ohun tí òun rí ni pé bàbá òun fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ilé ìwòsàn, ẹnìkan dárúkọ àìsàn fún wọn, wọ́n sì kú. “Orúkọ yẹn ló pa wọ́n,” bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Nítorí náà, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ kankan fún òun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo sunkún, mo dákẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́. Bí ẹni ń yín àgbàdo sẹ́yìn igbá ni. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀rù, n ó sì sọ ọ́ fún ọ láìfi bò: pé níbi tí ọkọ mi ti ń sá fún orúkọ, yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí àbíkẹ́yìn wa fi dé. Ó ti rí iṣẹ́ tuntun sí ìlú mìíràn, onílé tó fún un ní yàrá sì ní òun kò fẹ́ ẹranko kankan, ìbáà ṣe òròmọdìẹ. Ló bá kó àwọn ẹranko rẹ̀ wá bá wa. Èmi rò pé ológbò ni. Nígbà tó ká aṣọ kúrò lórí àgò, mo fò gun orí àga. Eku! Eku méjì, wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀, wọ́n ń wò mí.

Ó ní kì í ṣe eku, hámúsítà ni, irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aràrá. Mo ní tí kì í bá ṣe eku, ta ló yá wọn ní irunmú eku? Ṣùgbọ́n nígbà tí àyà mi rọlẹ̀ tí mo sún mọ́ wọn, mo gbà pé wọ́n wuni. Wọn ò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ. Ìrù wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí rárá, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ní irun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, ojú wọn dúdú, ó sì ń dán. Ọ̀kan funfun. Àwọ̀ èkejì bí èèpo búrẹ́dì, ilà dúdú kan sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ já láti orí dé ìdí. Tí wọ́n bá rí oúnjẹ, wọn á kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì títí orí wọn á fi fẹ̀ ju ìdí wọn lọ, wọn á wá sá lọ tú u pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Mo mọ ẹnìkan nínú ẹbí wa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní dárúkọ.

Ọkọ mi gòkè wá láti ìdí iṣẹ́, ìyẹ̀fun ti sọ irun apá rẹ̀ di funfun. Ó wo àgò, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Èmi tí mo ti ń lé eku kúrò nídìí àpò ìyẹ̀fun láti kékeré, èmi lo gbé eku wá bá? Ṣé kí n tún máa fi orúkọ pè wọ́n ni?” Ọmọ ní, “Ẹ má bínú, Bàbá mi, wọn ò tíì lórúkọ.” Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, ọkọ mi ti sọ wọ́n lórúkọ. Ó pe funfun ní Fuláwà, ó pe èkejì ní Bọ́tà.

Kí ọmọ tó lọ, ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn. Ó ní kí a fi igi tí wọ́n fá wẹ́wẹ́ tẹ́ inú àgò kó nípọn, torí wọ́n fẹ́ràn láti máa gbẹ́lẹ̀. Ó ní kí a gbé àwo yanrìn síbẹ̀, yanrìn ni wọ́n fi ń wẹ̀, kì í ṣe omi. Kí a má jí wọn lọ́sàn-án, kí a má sì nawọ́ gbé wọn láti òkè bí àṣá. Jéró àti ọkà bàbà ni oúnjẹ wọn, pẹ̀lú ewébẹ̀ díẹ̀. Kí a má fún wọn ní ohun dídùn. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí. Ṣùgbọ́n tí o bá sọ fún ẹni tó ń ṣe kéèkì pé ohun dídùn kò dára, ó máa ń rò pé kéèkì ẹlòmíràn lò ń sọ.

Ohun tó fà wọ́n mọ́ra wọn kò ṣòro láti mọ̀. Oníbúrẹ́dì máa ń jí nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń hanrun. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti ń dá jí, á rọra wá ṣòkòtò rẹ̀ kó má bàa jí mi. Ní báyìí ó rí ẹni bá jí. Àsìkò iṣẹ́ tirẹ̀ ni àsìkò eré tiwọn. Bọ́tà á wà lórí kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí lójú kan nínú àgò wọn, á máa sá eré àsápajúdé tí kò gbé e dé ibì kankan. Ọkọ mi á kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá,” á sọ fún un pé ìwúkàrà àná kò ṣiṣẹ́ dáadáa, pé ààrò ń jó apá kan ju apá kejì lọ. Mò ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí kò sọ fún èmi ìyàwó rẹ̀ rí, eku ló ń bá sọ ọ́.

Nígbà tó yá, àwọn eku méjèèjì jà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, obìnrin sì ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n bu ara wọn jẹ débi pé etí Fuláwà ṣẹ̀jẹ̀. Ọmọ wa ní bí àwọn kan nínú wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá dàgbà, kí a yáa yà wọ́n sọ́tọ̀. A wá àgò kejì. Èmi mú Fuláwà torí pé ó ń tijú bíi tèmi. Rẹ́rìn-ín tán kí o tó máa kà lọ. Fuláwà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, jéró ni mò ń bù sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú kùkúńbà bíńtín. Ṣùgbọ́n tí Bọ́tà bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi lórí àtẹ̀gùn, á ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àgò, á dìde dúró, á na ọwọ́ méjèèjì.

Ìwọ náà mọ ọkọ mi, kì í fẹnu sọ fún èèyàn pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó ń wá mi, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan lẹ́nu rẹ̀. Kéèkì ló ń gbé wá, títí ìyá mi fi ní kí n tètè dá a lóhùn kí eyín òun tó tán lẹ́nu. Bó ṣe ṣe Bọ́tà náà nìyẹn. Ẹ̀rún kéèkì ni o, bisikíìtì tó fọ́ ni o, èso àjàrà gbígbẹ, oyin tó kù létí ṣíbí. Mo kìlọ̀ fún un. Ó ní, “Ṣé o ò rí bó ṣe ń yọ̀ ni?” Òun náà á sì ju tirẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n ń jẹ ṣúgà pọ̀ bí ọ̀rẹ́ méjì.

Láàárín ìgbà náà ni wọléwọlé kan ya wọ ilé wa lójijì. Ẹnìkan ti lọ sọ fún un pé eku wà ní ilé búrẹ́dì. Ó yẹ ìdí àpò wò, ó yẹ abẹ́ tábìlì wò, kò rí nǹkan kan. Ọkọ mi tí kò mọ irọ́ pa ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òkè làwọn eku wà. Ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn wá, ó le ojú koko. Nígbà tí mo fi máa gbé omi tútù wọlé fún un, ó ti kúnlẹ̀ síwájú àgò, ó ń bi ọkọ mi bóyá wọ́n máa ń mọ ẹni tó ni wọ́n. Ó kìlọ̀ fún wa pé wọn ò gbọ́dọ̀ fojú kan ìsàlẹ̀ láéláé. Ó wá ní òun á máa yà kí wọn. Mo fura pé òun ló gbé ìròyìn wa dé ọ̀dọ̀ yín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí i pé ìgò omi Bọ́tà ń tètè gbẹ. Ti Fuláwà máa ń pẹ́, ti Bọ́tà kò ní tíì kún tán kó tó tún di òfìfo. Igi inú àgò rẹ̀ tutù rinrin, ó sì ń rùn. Ó ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń rù, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ lábẹ́ ilà dúdú yẹn. Kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Mo dúró níwájú àgò náà, ìgò omi wà lọ́wọ́ mi. Ó ń mu omi, ó ń tọ̀, ó ń rù. Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí rí, lára ẹni tí mò ń sùn tì.

Ọkọ mi tí a kò lè fi okùn fà dé ọsibítù, òun ló ti ilé búrẹ́dì pa lọ́sàn-án gangan kó lè gbé Bọ́tà lọ bá dókítà ẹranko. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń rọbí. Ó gbé e sínú páálí kéèkì, ó fi kọ́ọ̀tù rẹ̀ bò ó, mo tẹ̀ lé e. Àwa àti àwọn ajá ràbàtà ràbàtà la jọ tò sórí bẹ́ńṣì. Obìnrin kan tó gbé ológbò lẹ́sẹ̀ bi wá pé kí ló wà nínú páálí. Ọkọ mi ní, “Aláìsàn ni.”

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, kò ju ẹgbẹ́ ọmọ wa lọ. Ó gbé Bọ́tà sínú abọ́ òfìfo, ó ní kí a ní sùúrù. Nígbà tó tọ̀, dókítà fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ṣúgà wà nínú ìtọ̀, kan ìtọ̀ náà. Bébà náà yí àwọ̀ dà lójú wa, ó dúdú. Ó bi ọkọ mi pé, “Bàbá, kí lẹ ń fún un jẹ?” Ọkọ mi ní jéró. Dókítà ń wò ó. Ọkọ mi ní pẹ̀lú ewébẹ̀. Dókítà ṣì ń wò ó. Mo ní, “Pẹ̀lú kéèkì,” torí tí mo bá fi í sílẹ̀, ibẹ̀ la máa sùn.

Ó ṣàlàyé fún wa pé nínú àwọn hámúsítà, àwọn aràrá ni àìsàn yìí máa ń mú jù, pé ó máa ń bá ìran wọn wá, ohun dídùn ló sì máa ń tètè pè é jáde. Ó ní, “Àtọ̀gbẹ ni, Bàbá. Ó ń mú wọn bó ṣe ń mú èèyàn.”

N kò lè wo ojú ọkọ mi. Ó di etí tábìlì mú. Ó ní, “Ó máa kú nìyẹn.” Dókítà ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ tètè gbé e wá. Ẹ dáwọ́ kéèkì dúró, ẹ fún un láyè kó máa sáré, ẹ máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Èyí tí wọn ò bá gbé wá ló sábà máa ń kú.” Ó fún wa ní ike kékeré kan tí irú bébà náà wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi gbé páálí náà mọ́ àyà títí a fi délé. Èmi kò dárúkọ ọsibítù fún un lójú ọ̀nà. Ìwọ tó mọ̀ mí, o mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, tí o bá rí ọkọ mi, wàá ní nọ́ọ̀sì ni. Ó gba kéèkì lẹ́nu Bọ́tà. Bọ́tà bínú, ó gé e jẹ ní ìka. Òṣùwọ̀n tó fi ń wọn ìwúkàrà tẹ́lẹ̀, ó fọ ọ́, ó gbé e gòkè, ó ń fi wọn jéró. Lójoojúmọ́ á gbé Bọ́tà sínú abọ́, á dúró tì í, á máa bẹ̀ ẹ́ pé, “Jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, tọ̀ díẹ̀ fún mi.” Á wá gbé bébà náà lọ sójú fèrèsé, á wò ó láwòfín.

Mò ń wò ó. Ní ọjọ́ kan, ó mu jọ́ọ̀gì omi kan gbẹ níṣojú mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì kọrí sídìí abọ́ Bọ́tà. N kò lè gbé e mì mọ́. Mo ní, “Ìtọ̀ eku lò ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Tìrẹ ńkọ́? Àbí ẹ̀mí eku sàn ju tìrẹ lọ ni?” Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Mo ní n kò fi í sílẹ̀, mo ní, “Tí o bá kú, ìwọ ti sinmi. Èmi àti ààrò yẹn la máa kù.” Ó ju aṣọ ìnuwọ́ mọ́lẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló ń jáde lẹ́nu wa. “Ìyẹ̀fun ti tán.” “Oníbàárà ń dúró.” Ó ń dùn mí gan-an. Mo sọ fún ara mi pé mo ti bà á jẹ́, pé ẹnu mi yìí ló máa lé e jìnnà sí dókítà pátápátá.

Àṣé Bọ́tà ló máa bá wa parí ìjà náà. Díẹ̀díẹ̀ ni àgò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Omi inú ìgò rẹ̀ ń pẹ́. Bébà náà kò dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹran sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sí yàrá, èmi lápá kan, òun lápá kan. A kàn gbọ́ kẹrẹkẹrẹkẹrẹ. Bọ́tà ti gun kẹ̀kẹ́, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọkọ mi wò ó títí. Ó ní, “Wọ́n mà dárúkọ rẹ̀ fún un.”

Mo ní, “Kí ni wọ́n dárúkọ?”

Ó ní, “Dókítà yẹn. Ojú Bọ́tà ló ti sọ ọ́. Létí rẹ̀ báyìí.”

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé eku kò gbédè. Mo kó ẹnu mi ní ìjánu. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ni ọkọ mi ti ń dúró kí Bọ́tà kú, bí bàbá rẹ̀ ṣe kú. Bọ́tà kọ̀, kò kú. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún un, ó sì tún gun kẹ̀kẹ́.

Ọkọ mi dìde, ó mú ike bébà náà, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú bébà dání, ó gbé ojú sápá ibòmíràn. Ó nà án sí mi, ó ní, “Ìwọ wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí.” Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo wò ó. Ó dúdú ju èyí tí wọ́n fi yẹ Bọ́tà wò lọ.

Ilẹ̀ mọ́, a lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní bébà yẹn nìkan kò tó, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí dókítà máa dárúkọ rẹ̀, mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, ó le gbagidi lọ́wọ́ mi. Dókítà ní ṣúgà náà ti ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣì dára, kíndìnrín ṣì dára, pé tó bá lo oògùn tó sì ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ, a ó jọ pẹ́ láyé. Ọkọ mi bi í pé ṣé kí òun náà máa gun kẹ̀kẹ́ ni. Dókítà náà ní eré ìdárayá dára, kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Mo sun ún dáadáa, n kò tijú ẹnikẹ́ni.

Ó ti ń lo oògùn rẹ̀ báyìí. Egbò ọwọ́ rẹ̀ ti jinná. Ó ṣì ń ṣe kéèkì fún àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń tọ́ ọ wò, mo sì ti ń sanra, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti Bọ́tà, n kò ní tàn ọ́ jẹ. Ẹ̀mí irú wọn kì í gùn, bí ọdún méjì báyìí ni, wọ́n sì ti ń dàgbà. Fuláwà tí kò jẹ ṣúgà rárá pàápàá ti ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwa ń tọ́jú wọn níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì wà.

O ní àwọn ọmọ rẹ ti gbọ́, wọ́n sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé àwọn náà fẹ́. Tí o bá máa gbà fún wọn, ra àgò tí irin rẹ̀ sún mọ́ra, torí pé ibi tí orí wọn bá ti wọlé, gbogbo ara ni yóò bá a wọlé, wàá sì máa wá wọn kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Má kó wọn pọ̀ sójú kan, ìjà wọn burú. Má sì kó òwú tàbí àjákù aṣọ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ sínú àgò wọn, ìwọ aránṣọ, mo mọ̀ ọ́. Òwú máa ń wé mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Bébà tí o ya wẹ́wẹ́ ti tó wọn. Ọ̀rọ̀ ṣúgà, mo rò pé mo ti sọ ọ́ tó.

Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o má sọ pé o kí wọn lápapọ̀. Tí o bá rí ọ̀gá wa àtijọ́, sọ fún wọn pé mo kí wọn, pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé oníbúrẹ́dì, mo ṣì lè fi ojú mọ aṣọ tí wọn ò gé dáadáa. Kí gbogbo ará ilé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà gígùn yìí. Nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, o fi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ẹja, pé ìgò omi ló ń gbé sùn, pé léraléra lo ti ń dín ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ kù. Gbogbo lẹ́tà yẹn ni mo fi rẹ́rìn-ín, àfi ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, bàbá kan náà ló bí òun àti ọkọ mi.

Mo mọ̀ pé sókè lo máa ń ka lẹ́tà mi kó lè gbọ́. Mo sì mọ̀ pé tó bá ti gbọ́ “ọsibítù” níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á dìde. Nítorí náà ni mo ṣe fi eku bẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkọ mi kékeré, ìwọ ni mò ń bá wí báyìí. O ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà, mo mọ̀. Jókòó. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá gbé ike bébà tuntun kan lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i. Mú ọ̀kan wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí o kò bá lè wò ó, gbé e fún ìyàwó rẹ kó bá ọ wò ó. Ohun yòówù kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ sí ọsibítù lọ́la kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ dúró sẹ́yìn àga mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí n fi kún un. Ó rò ó títí. Ó ní kí n kọ ọ́ báyìí pé: “Àbúrò mi, wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ fún mi. Mo ṣì wà níbí.”

Èmi ni tìrẹ, tí ń retí èsì yín méjèèjì,

Ìyàwó Oníbúrẹ́dì.